Wọ́n Ní Bàbá Ti Lọ Ta Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ: Àdàpè Ikú Láàárín Àwọn Elédè Kántònì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdàpè olè ní ń jẹ́ ‘ọmọ mi ń fẹ́wọ́’. Láti inú òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ láti máa fi ojú burúkú wo gbogbo àdàpè, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tí a ń fi í ṣe ju kí a fi bo àṣírí lọ. Òwe náà tọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹni tí ó fi orúkọ mìíràn pe olè kò fẹ́ kí a mọ̀ pé olè ni. Ṣùgbọ́n bí àdàpè bá dé ọ̀dọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé kò sí ẹni tí a ń tàn jẹ. Ẹni tí ń sọ ọ́ mọ̀, ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ̀, òkú sì wà nílẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Kí ni a wá ń fi àdàpè ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi àṣà àwọn ará ibòmíràn yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn àwọn elédè Kántònì tí ń gbé ní Hong Kong, ní Macau, àti ní ìlú Guangzhou pẹ̀lú agbègbè Guangdong ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà.

A ní ìdí tí a fi yan àwọn ènìyàn yìí. Èdè wọn jẹ́ èdè olóhùn bí èdè Yorùbá ti jẹ́. Ohùn mẹ́ta ni tiwa, mẹ́fà ni tiwọn, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú gbígbé ohùn sókè tàbí sísọ ọ́ sílẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ ire di ọ̀rọ̀ ibi. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò wa ti ń ná ọjà Guangzhou, tí àwọn mìíràn sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Lẹ́nu àwọn kan tí ó padà wálé ni a ti ń gbọ́ ọ pé ojo ni àwọn ará ibẹ̀ bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ikú, pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀, àti pé nọ́ńbà mẹ́rin lásán ń dẹ́rù bà wọ́n. A kò fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó bá wo àṣà náà dé ìdí yóò rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù.

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà mẹ́rin. ‘Sei’ tí a fi ohùn tí ó ń gòkè pè ni ikú. ‘Sei’ tí a fi ohùn àárín pè ni ẹẹ́rin. Wọ́n sún mọ́ ara wọn bí ọkọ̀ àti ọkọ́ ti sún mọ́ ara wọn létí tiwa. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Hong Kong kò ní àjà kẹrin, kò ní ìkẹrìnlá, kò sì ní ìkẹrìnlélógún. Ilé gíga kan tí ó wà ní nọ́ńbà 39, Conduit Road, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní 2009, ti orí àjà 39 fo sí 60, wọ́n sì pe àjà tí ó wà lókè pátápátá ní 88, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àjà tí ó wà nínú ilé náà kò tó 50. Àwọn ará Hong Kong fúnra wọn fi èyí ṣe ẹ̀rín.

Aago ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. ‘Sung zung’ ni fífi aago ta ènìyàn lọ́rẹ. ‘Sung zung’ kan náà ni dídúró ti òbí ní ìgbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀, láti sìn ín dé ibodè. Ohùn méjèèjì bá ara mu láìkù síbì kan. Ọmọ tí ó ṣe èkejì fún bàbá rẹ̀ ti ṣe ojúṣe ọmọ. Ẹni tí ó ṣe èkíní fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó wá sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ti tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Susan Kramer, tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìrìnnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi aago àpò kan ta Ko Wen-je, olórí ìlú Taipei, lọ́rẹ. Èdè Kántònì kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Taipei, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jọ ara wọn nínú èdè tiwọn náà. Ariwo ta, obìnrin náà sì tọrọ gáfárà. Oníṣòwò wa tí ó bá fẹ́ mú ẹ̀bùn lọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Guangzhou, kí ó fi aago sílẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ‘òfìfo’. Bí wọ́n ti ń pe òfìfo, ‘hung’, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe orí burúkú. Bí ilé bá wá ṣófo tí onílé ń wá ayálégbé, kò ní kọ ‘ilé òfìfo’ sára pátákó rẹ̀. ‘Gat uk’ ni yóò kọ, ilé oríire. Ohun tí ó yẹ kí a mú dání níbí ni pé wọn kò kàn fi ọ̀rọ̀ burúkú sílẹ̀ kí àyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n fi ire rọ́pò rẹ̀. A ó tún pàdé ìwà yìí níwájú.

Nígbà tí ikú bá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ‘gwo san’, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti rékọjá. Wọ́n á ní ‘zau zo’ tàbí ‘heoi zo’, ó ti lọ. Wọ́n á ní ‘m hai dou’, kò sí níbí mọ́. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, wọ́n lè ní ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ti pé, ì báà jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ẹlẹ́sìn Búdà á ní ó ti lọ tún ayé wá. Ẹlẹ́sìn Tao á ní ó ti bá àwọn ẹni àìkú lọ nínú ìrìn àjò. Kristẹni wọn á ní ó ti sinmi làálàá, ó padà sọ́dọ̀ Olúwa. Láyé àtijọ́, ipò ènìyàn ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Ìwé Ìlànà Ìwà, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà, pín in sí ipele márùn-ún. Ọba ńlá a máa wó lulẹ̀ bí òkè; àwọn ọba kéékèèké àti àwọn ìjòyè ní ọ̀rọ̀ tiwọn; ní ti ọ̀mọ̀wé, wọ́n á ní kò gba owó iṣẹ́ mọ́ (ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú); mẹ̀kúnnù nìkan ni ìwé náà gbà pé ó ń kú. Èyí kò lè ṣòro fún àwa tí a mọ̀ pé ọba kì í kú, wíwàjà ni í wàjà. Láti ọdún 1912 ni ọba ti tán lórí ìtẹ́ ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí ìlànà náà kò tán: ọ̀rọ̀ tí a fi ròyìn ikú ènìyàn wà lára ẹ̀yẹ ìkẹyìn tí a ó ṣe fún un.

Àwọn aláwàdà náà ní tiwọn. Láàárín ọ̀rẹ́ àti ojúgbà, wọ́n lè ní lágbájá ti lọ ta ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀. Wọ́n lè ní ó ti fa igi ìdáná. Wọ́n lè ní a ti kàn án níṣòó, ìṣó pósí ni wọ́n ń wí. Tàbí kí wọ́n ní ó ti di ‘hoeng’, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún òórùn dídùn àti fún tùràrí tí a ń sun níwájú òkú. Ìdí tí ó fi jẹ́ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn fúnra wọn ń jiyàn lé lórí. Kí a má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ń sọ pé ènìyàn ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra, a kì í sì í béèrè ẹni tí ó lọ ẹ̀wà rẹ̀. Ẹni tí ó lè sọ ọ́, àti ẹni tí a lè sọ ọ́ sí létí, ni ó jà jù. Kò sí ọmọ Kántònì tí a tọ́ dáadáa tí yóò dúró níwájú opó kí ó wí fún un pé ọkọ rẹ̀ ti lọ ta ẹyin. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ‘wàjà’ àti ‘papòdà’ àti ‘jáde láyé’ bí ẹni ń ka owó, kí wọ́n lè dá a padà lọ́jọ́ ìdánwò, láì sọ fún wọn pé ẹnu tí ó yẹ ọ̀kan kò yẹ èkejì.

Ọ̀rọ̀ ‘sei’ pàápàá kì í ṣe èèwọ̀ nígbà gbogbo. Bí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, ‘sei fo’ ni wọ́n ń wí, iná rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ á ní òun rẹ́rìn-ín kú. Ìyàwó ilé lè fi àwàdà pe ọkọ rẹ̀ ní ‘sei gwai’, òkú iwin, kí ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ẹnu tí ó sọ gbogbo èyí láàárọ̀ ni kò ní sọ ‘sei’ nírọ̀lẹ́ bí ó bá wọ ilé ọlọ́fọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ lásán ni, kí ó ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Lójú tiwa, ibi tí àṣà náà ti jinlẹ̀ jù ni orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ohun èlò ìsìnkú. Pósí ni wọ́n ń pè ní ‘sau baan’, pátákó ẹ̀mí gígùn. Aṣọ tí a fi ń wọ òkú ni ‘sau ji’, aṣọ ẹ̀mí gígùn. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra pósí ni ‘coeng sang dim’, ilé ìtajà ìyè pípẹ́. Àlejò tí ó bá ka pátákó rẹ̀ lè rò pé oògùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu àdàpè yóò ní ibí yìí ni irọ́ ti pọ̀ jù, pé wọ́n sọ ikú di ìyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí orúkọ náà ń ṣe. Láyé àtijọ́, ọmọ tí ó mọ ẹ̀tọ́ a máa ra pátákó náà fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ nígbà tí ojú wọn ṣì wà láyé. Igi dáadáa ni yóò wá. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé e sí ìkọ̀kọ̀ kan nínú ilé, ara bàbá á sì balẹ̀ pé òun kò ní sùn sínú pákó játijàti. Ìyá àgbà a máa rán aṣọ ẹ̀mí gígùn tirẹ̀, kí ó ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí títí ọjọ́ á fi pé. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kọ́ ibojì tiwọn sílẹ̀, wọ́n á pè é ní ‘sang gei’, ìpìlẹ̀ ìyè. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọmọ Yorùbá wo ni ó lè gbé pósí wọlé fún bàbá rẹ̀ tí ó jókòó nínú àga, tí ẹbí kò ní sọ pé ó fẹ́ pa á? Bí ó bá jẹ́ pósí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kántònì náà kò ní lè gbé e wọlé. Pátákó ẹ̀mí gígùn ni ó gbé wá, èyí sì fún ẹbí ní àyè láti múra sílẹ̀ fún ikú lójú ẹni tí yóò kú. Ojo kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwà kan náà ni a ó rí níbi ìsìnkú. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yẹ òkú ní àdàpè tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Hong Kong: ‘hòtẹ́ẹ̀lì ńlá’. Owó tí a fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan lẹ́yìn, dọ́là 101, 301 tàbí 501, nítorí ohun tí ó bá ní ìkejì lè mú kí ọ̀fọ̀ ní ìkejì. Bí àlejò bá ń lọ, wọ́n á fún un ní àpò ìwé kékeré tí súìtì kan, owó ẹyọ kan àti bébà ìnujú wà nínú rẹ̀. Yóò jẹ súìtì kí ó tó délé, yóò ná owó náà lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ gbé àpò náà wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni ‘gat ji’, ẹ̀bùn oríire. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń sọ pé ó dàbọ̀ níbẹ̀, nítorí ‘ó dàbọ̀’ tiwọn, bíi tiwa, ń ṣe ìlérí pé a ó tún padà rí ara wa.

Nínú ìkéde òkú, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí olóògbé, ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ènìyàn, tí ẹni ọdún 79 á fi di ẹni 82. (Òpìtàn tí kò bá mọ èyí yóò ṣi ìṣirò ṣe.) Bí olóògbé bá ti lé ní 80, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká, ‘siu song’ ni, ọ̀fọ̀ ẹ̀rín, ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe òkú àgbà rí nílẹ̀ yìí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni pé kí olórí funfun máa sin olórí dúdú, ìyẹn ni kí òbí sin ọmọ. Àdàpè yìí kò dín oró ọ̀rọ̀ náà kù rárá. Ó kàn gbé ojú kúrò lára òkú ọmọ, ó gbé e lé irun funfun ẹni tí ó kù sílé. Àṣà wọn kò sì fẹ́ kí òbí tẹ̀lé pósí ọmọ dé ibojì, gẹ́gẹ́ bí tiwa kò ti fẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ.

Ibojì fúnra rẹ̀ ni ‘òkè’. Ní àjọ̀dún Ching Ming, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún oṣù kẹrin, gbogbo ẹbí á lọ ‘baai saan’, wọ́n lọ júbà òkè. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń kó egungun sí lẹ́yìn tí wọ́n bá hú u ni ‘gam taap’, ilé ìṣọ́ wúrà. Ní Sandy Bay ní Hong Kong, ilé kan wà tí ẹgbẹ́ aláàánú Tung Wah ti ń bójú tó láti 1899, níbi tí wọ́n ti máa ń gba pósí àti egungun àwọn ará Guangdong tí ó kú sí Amẹ́ríkà àti òkèèrè mìíràn láyé àtijọ́, kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú baba wọn. Ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ òkú nínú orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. ‘Ji zong’ ni, abà àánú.

Títí dé ibí, ìyìn ni a ń yìn wọ́n. Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ wà pẹ̀lú, a kò sì ní fò ó. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì sọ̀rọ̀ ikú, pàápàá lásìkò ọdún tuntun wọn, kíá ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ á ké ‘Coi!’ tàbí ‘Daai gat lei si!’, kí ó jẹ́ oríire ńlá, bí àwa ti í ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní kí ó tutọ́ dànù kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Èyí kò burú bí ó bá jẹ́ àṣìsọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí pé ‘baak nin zi hau’, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mi. Bàbá náà kò dárúkọ ikú. Ó ti mú ọ̀rọ̀ tí àwọn baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó ti fi ṣí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ owó báńkì, ó fẹ́ sọ bí òun ṣe fẹ́ kí àwọn dókítà ṣe òun bí ara kò bá gbé e mọ́. Ọmọ ni ó fi ‘Daai gat lei si’ ti ilẹ̀kùn náà padà, tí ó sì rò pé ìfẹ́ ni òun fi hàn. Bàbá á dákẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ibùsùn, tí dókítà ń béèrè bóyá kí àwọn ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ọmọ náà á máa wo ojú bàbá bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

Àdàpè àtijọ́ kọ́ ni ó fa èyí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọmọ náà kò mọ̀. Ó mọ̀ pé a kì í dárúkọ ikú, kò mọ̀ pé tìtorí kí a lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ní London, Toronto àti San Francisco, níbi tí àwọn ọmọ Kántònì kan ti ń gbọ́ èdè wọn ní ààbọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí ‘m hai dou’ tí a fi ń ròyìn òkú ni a tún ń sọ bí ẹnì kan kò bá sí nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Hong Kong nìkan ni èyí. Ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀, kí ó bi bàbá tirẹ̀ léèrè ìwé ilẹ̀ lálẹ́ òní.

Ìjọba Hong Kong ti rí ìṣòro yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí òfin tí ó fún ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí orí rẹ̀ sì pé, ní àyè láti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú irú ìtọ́jú tí òun kò fẹ́ kí a fi fa ẹ̀mí òun gùn. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá bàbá àti ọmọ jókòó nídìí tíì. Ọ̀rọ̀ eérú náà tún wà níbẹ̀. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú òkú mẹ́wàá tí wọ́n ń fi iná sun ní Hong Kong. Ilẹ̀ kò tó, àyè tí a ń gbé eérú sí nínú ògiri ṣọ̀wọ́n fún ọdún pípẹ́, ìjọba sì ń rọ àwọn ènìyàn láti máa da eérú náà sínú òkun tàbí sínú ọgbà ìrántí, ohun tí àwọn pẹ̀lú ti fún ní àdàpè tuntun, ìsìnkú aláwọ̀ ewé. Bàbá kan á fẹ́ òkun. Bàbá mìíràn á ní òun kò fẹ́ kí omi gbé òun lọ, kí wọ́n wá òkè kan fún òun kí àwọn ọmọ rí ibi júbà. Ọmọ tí ó jẹ́ kí gbólóhùn ọgọ́rùn-ún ọdún náà dé òpin á mọ èwo ni. Ọmọ tí ó ké ‘Coi!’ á dúró níwájú kàńtà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ á máa bá a jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ̀wé á sì máa retí fọ́ọ̀mù.